Rebeca Gerschman: Ọmọ Ìlú Kékeré Tó Tú Àṣírí Ọ́síjìn

Nínú abala ìtàn ìgbésí ayé yìí, ọmọ Yorùbá la sábà máa ń mú, ṣùgbọ́n lóṣù yìí, òkèèrè la lọ. Obìnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Argẹntínà la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Rebeca Gerschman lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1986 ló papò dà, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò bá a wọ ilẹ̀.

Kí ló rí? Ó rí i pé ọ́síjìn tí à ń mí, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè wà láàyè ìṣẹ́jú mélòó kan láìsí i, ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹ̀mí wa ró. Ó tún rí i pé ara ní ààbò tó fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àti pé ọjọ́ tí ààbò yẹn bá kéré sí ìjà, àìsàn dé nìyẹn. Lónìí, kò sí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tí wọn ò kọ́ ní nǹkan yìí. Àmọ́ nígbà tí Rebeca sọ ọ́ ní 1954, ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ ò gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọjá kí ẹ̀rí ńlá tó dé, àwọn ẹlòmíì ló sì mú ẹ̀rí ọ̀hún wá. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ wa títí dòní.

ÌLÚ TÍ WỌ́N TI BÍ I

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Carlos Casares, ní ìpínlẹ̀ Buenos Aires. Ibẹ̀ jìnnà sí olú-ìlú tó bí 300 kìlómítà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni gbogbo àgbègbè yẹn, bí ojú ṣe lè ríran tó ni pápá ṣe lọ tó. Oko àlìkámà rèé, màlúù rèé. Ní 1891, àwọn Júù tó sá fún ìyà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá tẹ abúlé àgbẹ̀ kan dó lágbègbè náà, wọ́n pè é ní Colonia Mauricio. Baron Maurice de Hirsch, olówó Júù kan ní Yúróòpù, ló náwó sí i. Nítorí náà, ibi tí Rebeca ti lajú jẹ́ ibi tí àwọn àtọ̀húnrìnwá ti ń fọwọ́ ara wọn la oko, tí wọ́n sì ń rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́ bí agbára wọn ṣe mọ.

Lónìí, òdòdó sunflower, èyí tó máa ń yíjú sí oòrùn, ni wọ́n fi mọ Carlos Casares jù. Òun ni wọ́n ń pè ní olú-ìlú òdòdó náà fún gbogbo Argẹntínà. Òróró tí wọ́n ń fún láti inú èso rẹ̀ wà ní ọjà tiwa náà, ẹ máa ń rí i nínú ike. Ẹ fi òróró yìí sọ́kàn o, a máa padà bá a níwájú.

Láti ìlú yìí ni Rebeca ti bọ́ sí Yunifásítì Buenos Aires, nígbà tí obìnrin tó ń wọ yunifásítì ò tíì pọ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ àpòògùn àti ìmọ̀ kẹ́míkà inú ara. Lẹ́yìn náà ló wọ abẹ́ ọ̀gá kan tí gbogbo Latin Amẹ́ríkà ń bọ̀wọ̀ fún, Bernardo Houssay. Houssay ló dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní 1919 lórí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn yunifásítì náà. Ibẹ̀ làwọn tó di olókìkí lẹ́yìnwá ọ̀la ti kọ́ṣẹ́. Luis Leloir, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970, wà lára wọn.

Iṣẹ́ tí Rebeca fi gba oyè ọ̀mọ̀wé dá lórí iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù. Bí iyọ̀ yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bó bá sì kéré jù, iṣan á rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tí èèyàn á kàn ki ẹ̀jẹ̀ sí kó sọ iye tó wà níbẹ̀. Rebeca àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Agustín Marenzi, ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, ọ̀nà náà sì ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹ ò rí nǹkan? Kó tó sọ ọ̀rọ̀ ńlá tó da ayé rú, ó ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun kékeré kó péye.

WÀHÁLÀ NÍLÉ, Ó DI ÒKÈÈRÈ

Ní 1943, àwọn ológun gbàjọba ní Argẹntínà. Houssay wà lára àwọn tó fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n dá ìjọba tiwa-n-tiwa padà. Kí ni wọ́n fi san án fún un? Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n lé yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947, òun sì ni ọmọ Latin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwa tí a gbé lábẹ́ ológun ní Nàìjíríà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, kò sídìí láti ṣàlàyé púpọ̀.

Láàárín ọdún 1945 sí 1950, Rebeca gba Amẹ́ríkà lọ, sí Yunifásítì Rochester ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹni tó lọ bá níbẹ̀ ni Wallace Fenn, olórí ẹ̀ka ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Fenn náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí pòtásíọ̀mù inú iṣan, nítorí náà wọn ò ṣàjèjì sí èdè ara wọn.

Rochester nígbà yẹn dà bí ojúko ọjà méjì tó pàdé. Lápá kan, Fenn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ṣèwádìí lórí mímí fún àwọn awakọ̀ òfuurufú: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lókè níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fún ní ọ́síjìn púpọ̀? Lápá kejì, yunifásítì náà wà lára ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wádìí ohun tí ìtànṣán àdó olóró átọ́míìkì àti X-ray ń ṣe fún ara. Àwọn tapá kan ń sọ̀rọ̀ ọ́síjìn, àwọn tapá kejì ń sọ̀rọ̀ ìtànṣán. Rebeca ló gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, tó wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

OHUN TÍ WỌ́N TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Kì í ṣe Rebeca ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ́síjìn lè pani o. Joseph Priestley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọ́síjìn ní àwọn ọdún 1770, ti kíyè sí i pé àbẹ́là máa ń yára jó tán nínú rẹ̀. Ó wá ń rò ó pé bóyá ara èèyàn náà á yára jó tán báyẹn tó bá ń mí i ní ògidì. Ní 1878, Paul Bert, ọmọ Faransé, fi hàn pé bí wọ́n bá fún ẹran ní ọ́síjìn tí wọ́n fi agbára tẹ̀ mọ́lẹ̀, gìrì á mú un, á sì kú. Ní 1899, James Lorrain Smith fi hàn pé bó bá pẹ́ nínú ọ́síjìn tó pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró á bàjẹ́. Àwọn ọmọ ogun tó ń mòòkùn nínú òkun mọ ewu yìí sára.

Pé ó ń pani, wọ́n mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe ń pani? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí fún ọdún gbọọrọ.

Lọ́wọ́ kejì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtànṣán ti mọ nǹkan kan. Púpọ̀ nínú ara wa, omi ni. Bí X-ray bá wọ inú ara, ó máa ń fọ́ omi yẹn sí ègé tí ara wọn ò balẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní free radical. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ohun gbogbo láyé yìí, ẹ̀yà wúruwùru kan wà tó ń jẹ́ electron. Ìbejì ni wọ́n máa ń ṣe, méjì-méjì ni wọ́n máa ń rìn. Bí ohun kan bá já wọn sọ́tọ̀, tí ó wá ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn ò ní sinmi. Á wọ ilé aládùúgbò, á fipá gba ọ̀kan níbẹ̀ fi ṣe ìkejì. Aládùúgbò náà á wá di ẹlẹ́yọ kan, òun náà á lọ gba tẹlòmíì. Bí ìjà ìgboro ṣe ń ràn láti ojúlé dé ojúlé nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ bà nínú sẹ́ẹ̀lì lè bàjẹ́: ọ̀rá ara rẹ̀, ẹran ara rẹ̀, títí kan ohun tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí.

Ẹ rántí òróró ọjọ́sí. Bí ẹ bá ṣí ìgò òróró sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, òórùn rẹ̀ á yí padà, adùn rẹ̀ á lọ. Ìjà kan náà ni: ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló dá a sílẹ̀, ìbejì kan já, òmíràn já, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́ ni fítámì E tí Ọlọ́run fi sí inú rẹ̀, tó pọ̀ nínú òróró sunflower gan-an. Fítámì yẹn máa ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìjà, kó lè dúró níbẹ̀.

EKU INÚ ÌGBÁ ỌSÍJÌN

Rebeca wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Bí ìtànṣán bá ń fi free radical ba ara jẹ́, ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni ọ́síjìn ń ṣe? Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó eku sínú àgbá tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ta X-ray sí àwọn eku mìíràn. Wọ́n wá ń wò ó: àwọn oògùn tí a mọ̀ pé ó ń gba eku lọ́wọ́ X-ray, ṣé á gbà á lọ́wọ́ ọ́síjìn náà? Ó gbà á. Bí ìtànṣán àti ọ́síjìn bá jọ dé, ṣé wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣèparun? Wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn kan tún ṣí ìkejì. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ilé kan náà ni.

Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1954 ni ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ náà jáde. Orúkọ Gerschman ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni Daniel Gilbert, Sylvanus Nye, Peter Dwyer àti Fenn fúnra rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin péré ni. Nínú rẹ̀ àti nínú àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó sọ ohun kan tó jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ eku lọ. Ó ní ewu ọ́síjìn kì í ṣe ti ẹni tó wà nínú àgbá nìkan. Ojoojúmọ́ ni, nínú afẹ́fẹ́ gbogbogbòò, pẹ̀lú gbogbo èémí. Ìdí tí a fi ń yè é ni pé ara ń dáàbò bo ara rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, tàbí bí ààbò bá dín kù, ibi kan náà ni wọ́n ń já sí. Ó sì gbà pé èyí tó ń yọ́ kọjá lára ààbò yẹn díẹ̀díẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ wá di arúgbó.

ỌDÚN KAN NÁÀ, OJÚ ÀWỌN ÌKÓKÓ

Kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé lásán, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn lásìkò yẹn. Láti àwọn ọdún 1940, ní Amẹ́ríkà àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, bí wọ́n bá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, inú àpótí tí ó gbóná niwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì fẹ́ ọ́síjìn sí i lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá kú ló yè. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn fọ́ lójú. Ní 1942, Theodore Terry ní Boston kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ìfọ́jú yìí. Àwọn dókítà wá okùnfà rẹ̀ títí. Ibi tí ìtọ́jú ti dára jù, tí owó wà, tí ẹ̀rọ pé, ibẹ̀ ni ìfọ́jú ti pọ̀ jù. Ìyẹn dà wọ́n lọ́kàn rú.

Ní 1951, Kate Campbell, dókítà obìnrin kan ní Melbourne, Ọsirélíà, tọ́ka sí ọ́síjìn. Ní 1953, ilé ìwòsàn 18 ní Amẹ́ríkà para pọ̀ dán an wò, èsì sì jáde ní 1954: ọ́síjìn àpọ̀jù ló ń ba ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ojú jẹ́. Kí wọ́n tó mọ̀, nǹkan bí 10,000 ọmọ ló ti fọ́ lójú káàkiri ayé. Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n bí ní 1950 kí oṣù rẹ̀ tó pé, wà lára àwọn tó fara gbá irú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọdún 1954 ṣe rí. Àwọn dókítà ọmọdé rí i pé ọ́síjìn ń ṣe ọmọ léṣe. Rebeca ń sọ ọ̀nà tí ọ́síjìn ń gbà ṣe ẹran ara léṣe. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Lójú tiwọn, free radical le jù, ó gbóná jù, kò lè máa gbé inú ara alààyè lójoojúmọ́. Lóòótọ́, lọ́dún yẹn kan náà, Barry Commoner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ rí àmì free radical nínú ẹran ara. Ní 1956, Denham Harman ní California náà gbé èrò jáde pé free radical ló ń sọni di arúgbó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń mi orí.

Kí ló tún lè fà á? Obìnrin ni, àlejò ni, láti ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ò kà sí ibi tí ìmọ̀ ti ń wá. Kálukú kó fi ọgbọ́n tirẹ̀ rò ó.

1969: Ẹ̀RÍ DÉ

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Rebeca kò tó ogún ọdún. Ní 1969, ní Yunifásítì Duke, ìpínlẹ̀ North Carolina, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Irwin Fridovich àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Joe McCord, rí ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ara tó ń mú kí iṣẹ́ yá. Èyí tí wọ́n rí yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó máa mú free radical tí ọ́síjìn ń bí, èyí tó ń jẹ́ superoxide, kó sì máa sọ ọ́ di ohun tó rọ̀ díẹ̀. Wọ́n pè é ní superoxide dismutase.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ti mọ ẹ́ńsáìmù yìí láti 1938. Mann àti Keilin ní Cambridge ti yọ ọ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, wọ́n rí i pé bàbà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rò pé ńṣe ló kàn ń tọ́jú bàbà pamọ́. Ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́nà fún ọdún 31, àwọn èèyàn ń pè é ní àpótí!

Ó wá yé gbogbo ayé. Bí free radical kò bá sí nínú ara lóòótọ́, kí ni ara ń fi ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ṣe? Ta ló ń háyà ọdẹ sí ilé tí olè kì í dé? Ní 1971, McCord àti Fridovich tún fi hàn pé àwọn kòkòrò tó ń gbé inú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ṣọ́ yìí, àmọ́ àwọn kòkòrò tí ọ́síjìn ń pa, tí wọ́n ń sá pamọ́ fún un, kò ní i. Ohun tí Rebeca sọ ní 1954 gan-an nìyẹn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí superoxide dismutase bá fi sílẹ̀ ni hydrogen peroxide, èyí tí à ń rà ní kẹ́mísì láti fi fọ egbò. Ẹ ti rí i tó ń hó fúù lójú egbò? Ẹ́ńsáìmù kejì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, catalase lorúkọ rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara yín ló ti jáde, tó ń fọ́ peroxide náà sí omi àti ọ́síjìn. Ẹ̀kẹta ni glutathione peroxidase, tí Gordon Mills rí ní 1957. Òun náà ń sọ peroxide di omi, pàápàá nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀.

Ní nǹkan bí 1960, Rebeca ti padà sílé. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ àpòògùn àti kẹ́míkà inú ara, ní Yunifásítì Buenos Aires níbi tó ti kàwé. Ó kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ yìí kò kú sí Argẹntínà. Ní 1973, ọmọ orílẹ̀-èdè náà kan, Alberto Boveris, pẹ̀lú Britton Chance ní Philadelphia, fi hàn pé ibi ìdáná sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, níbi tí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára, ń tú hydrogen peroxide jáde nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé iná tó ń se oúnjẹ náà ló ń ta ẹta sára ògiri. Ní 1986, Rebeca dágbére fáyé ní Buenos Aires, ẹni ọdún 82. Kò gba Nobel. Ṣùgbọ́n ìjọba Argẹntínà dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, orúkọ Rebeca Gerschman ni wọ́n sì fi pè é.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KAN ÀWA NÁÀ

Ẹ̀yin kan lè máa sọ pé kí ló kàn wá nínú èyí. Ó kàn wá, ó sì kàn wá gan-an.

Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ G6PD, òun ló ń pèsè ohun ìjà fún àwọn ẹ̀ṣọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni tirẹ̀ kò tó. Ní 1956 ni àwọn onímọ̀ ní Chicago rí i pé àìtó rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àwọn kan fọ́ bí wọ́n bá lo oògùn ibà kan tó ń jẹ́ primaquine. Ní 1969, ọdún tí Fridovich àti McCord rí ẹ̀ṣọ́ tiwọn, Lucio Luzzatto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde láti Ìbàdàn wa níbí, nínú Science kan náà tí Rebeca ti kọ̀wé. Wọ́n fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ìdí tí ó fi pọ̀ láàárín wa nìyẹn: ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà, ṣùgbọ́n ó fi ààbò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kánfọ̀ oníhóró funfun tí à ń jù sínú àpótí aṣọ sí aṣọ ọmọ tuntun. Èéfín rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí òféèfèé, ibà pọ́njú yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Bí ojú ọmọ bá ti ń pọ́n bí ìyeyè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe inú oòrùn nìkan.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn nílé ìwòsàn. Àwọn kan nínú wa gbà pé bí wọ́n bá ti gbé ọ́síjìn sí aláìsàn nímú, ó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìtàn Rebeca kò sọ pé kí a sá fún ọ́síjìn. Lẹ́yìn 1954, ibi tí wọ́n ti fi ìbẹ̀rù dín in kù jù, àwọn ìkókó kú níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ ló ń sọ bóyá ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó tàbí ó ti pọ̀ jù. Bí a bá ń kówó jọ fún ilé ìwòsàn ìlú, ẹ jẹ́ ká rántí ẹ̀rọ yẹn. Sìlíńdà ọ́síjìn láìsí òṣùwọ̀n, ìdajì iṣẹ́ ni.

Ìkẹta, àwọn tó ń gbé oògùn antioxidant kiri inú ọkọ̀ àti orí WhatsApp, tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn. Ní Finland, wọ́n dán beta-carotene wò lára ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá, èsì jáde ní 1994. Àwọn tó lò ó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò lò ó lọ, ó fi bí 18 nínú 100 lé. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín, ẹ jẹ ọsàn yín, ẹ fi owó oníjìbìtì pamọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù, tiwa ni nílé. Carlos Casares kì í ṣe ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti jáde lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì fi ọgbọ́n ìwọ̀n yẹn dé ibi tí àwọn tó jù ú lọ ò dé. Àwọn ọmọbìnrin wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama wà níbẹ̀ tó ń ka sáyẹ́ǹsì lórí bóòdù, tí wọn ò fọwọ́ kan òṣùwọ̀n rí. Bí a bá dé ìpàdé tí ọ̀rọ̀ lábù bá tún délẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìyẹn lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.